Kì í ṣe ahọ́n ọmọ ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò, etí rẹ̀ ni

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú akitiyan. Ọ̀rọ̀ ọmọ tó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀ la fẹ́ kí ẹ bá wa gbé sójú ìwé yín, nítorí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lágbègbè wa níhìn-ín, láti Kàbà dé Ìjùmú, láti Mọ̀pà dé Ẹ̀gbẹ̀, ní Ìpínlẹ̀ Kogí, ń dùn wá. Bí ọmọ bá ti pé ọdún 2 tí kò tíì fọhùn, ọ̀nà méjì làwọn òbí sábà máa ń gbà. Àwọn kan á ní kí wọ́n ṣe sùúrù, pé ọmọkùnrin kì í tètè sọ̀rọ̀, pé bàbá rẹ̀ náà pẹ́. Àwọn yòókù á ní okùn ló wà lábẹ́ ahọ́n rẹ̀, wọ́n á gbé e lọ bá ẹni tí yóò fi abẹ gé e. Ti àkọ́kọ́ ń fi àkókò ọmọ ṣòfò. Ti èkejì lè gbẹ̀mí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti ahọ́n kúrò lọ́nà. Okùn fẹ́lẹ́ tó so abẹ́ ahọ́n mọ́ ìsàlẹ̀ ẹnu, kò sẹ́ni tí kò ní in. Lẹ́nu ọmọ díẹ̀ ló ti máa ń kúrú jù, tí orí ahọ́n ò fi ní lè yọ kọjá èrìgì ìsàlẹ̀. Ìdí ọmú sì ni ìyẹn ti máa ń dà wọ́n láàmú: ẹnu ọmọ á máa yọ̀ kúrò, orí ọmú ìyá á máa bó, ọmọ ò sì ní yó. Ní ti ọ̀rọ̀ sísọ, ẹ fi ẹnu ara yín wò ó. Ẹ pe “màmá”. Ẹ pe “bàbá”. Ètè ló ṣiṣẹ́, ahọ́n kò kúrò níbi tó wà. Ẹ pe “gbà”: ètè àti ẹ̀yìn ahọ́n ni, orí ahọ́n kò dá sí i. Ibi tí okùn tó kúrú ti lè fara hàn ni “l”, “t”, “d”, “n” àti “r”, ọmọ náà á sì pè wọ́n, kò kàn ní já gaara ni. Ọmọ ọdún 2 tí kò pe “màmá” rí, ahọ́n kọ́ ló dì í lọ́wọ́.

Abẹ́ ahọ́n yẹn, iṣan ẹ̀jẹ̀ ló kún ibẹ̀. Bí abẹ bá kan ọ̀kan, ọmọ á máa gbé ẹ̀jẹ̀ mì, ẹni tó gbé e lọ́wọ́ ò sì ní mọ iye tó ti dà títí ara ọmọ á fi tutù. Abẹ tí wọ́n fi gé tẹlòmíì lè kó àrùn jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀, kòkòrò éèdì tàbí tẹ́tánọ́ọ̀sì sí i lára. Ohun kan náà la sọ nípa bẹ́lúbẹ́lú tí wọ́n ń gé lọ́fun ọmọ. Kò sí ọ̀rọ̀ kankan tó so rọ̀ mọ́ bẹ́lúbẹ́lú.

Etí ni ká wá lọ bá. Ohun tí ọmọ kò gbọ́, kò lè sọ. Ohun tó ń tan àwọn òbí jẹ ni pé ọmọ tí kò gbọ́ràn dáadáa kì í jókòó bí òkúta. Ó ń fò bí ilẹ̀kùn bá gbá gbàù, nítorí pé ilẹ̀ mì tìtì, ó sì gbọ̀n lára rẹ̀. Ó ń wo ojú ìyá rẹ̀, ó ń wo ibi tí ojú ìyá ń wò, ó sì ń ṣe bó ti yẹ. Kódà, ọmọ tó dití pátápátá á ké, á rẹ́rìn-ín, á dún “àà-àà” bí ọmọ yòókù ní oṣù mélòó kan àkọ́kọ́. Láti bí oṣù 6 sí 9 ló máa ń dákẹ́ díẹ̀díẹ̀, lásìkò tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pe “bababa, dadada”. Ẹlòmíì wà tó jẹ́ àbọ̀ ló ń gbọ́. Ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ kì í nira fún un, nítorí náà á máa fi ohùn kọ ọ̀rọ̀ náà lórin, kọ́ńsónáǹtì á wá sọnù: “fìlà” á di “ì-à”, “ṣíbí” á di “í-í”. Ìyá gbọ́ ọ yé, ó sì rò pé ọmọ ń sọ̀rọ̀. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò ní kọjá ibẹ̀ bí ẹnikẹ́ni ò bá wo etí rẹ̀.

Ìdánwò kan wà tí ẹ lè ṣe nílé bí ọmọ bá ti lé ní oṣù 7. Ènìyàn mẹ́ta ni yóò ṣe é. Ìyá gbé ọmọ jókòó lórí itan, kí ọmọ kọjú síwájú. Ẹnì kejì jókòó níwájú rẹ̀ pẹ̀lú nǹkan kékeré tí kì í dún, bíi ìdérí ike, kó fi gba ojú rẹ̀. Ẹnì kẹta dúró lẹ́yìn, lápá kan, níbi tí ojú ọmọ kò lè dé. Ẹ pa fáànù, ẹ pa rédíò, ẹ má ṣe é nígbà tí òjò ń rọ̀ lórí páànù. Ẹ bu ṣíbí ìrẹsì kan sínú agolo mílíìkì kékeré tó ti gbẹ, ẹ fi téèpù dì í lẹ́nu. Ẹni iwájú á bo ìdérí náà mọ́wọ́, kí ọkàn ọmọ lè kúrò níbẹ̀. Lójú ẹsẹ̀ yẹn ni ẹni ẹ̀yìn á rọra mi agolo náà, ní dọ́gba-n-dọ́gba pẹ̀lú etí, ní ìwọ̀n bí apá kan sí ọmọ, kò gbọdọ̀ ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta sí mẹ́rin lọ. Ó yẹ kí ọmọ yíjú síbi tí ìró ti wá. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta lápá ọ̀tún, lẹ́ẹ̀mẹta lápá òsì, ṣùgbọ́n ẹ dà á pọ̀ mọ́ra wọn kó má baà mọ ibi tó ń bọ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì nínú mẹ́ta lápá kọ̀ọ̀kan ni a ń wá. Lẹ́yìn náà ẹ fi “sss” jẹ́jẹ́ láti ẹnu rọ́pò agolo, nítorí ọmọ kan wà tó ń gbọ́ agolo tí kò gbọ́ “sss”.

Ohun tó sábà máa ń ba ìdánwò yìí jẹ́ ni òjìji ẹni ẹ̀yìn tó ṣubú síwájú ọmọ, tàbí lọ́fínńdà tó fín sára, tàbí ìyá tó gbọ́ ìró náà tó sì mi itan láìmọ̀. Àtẹ́wọ́ ló burú jù: afẹ́fẹ́ rẹ̀ ń fẹ́ kan ọmọ lọ́rùn, ọmọ dití náà á yíjú. Bí kò bá yege, ẹ tún un ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, nígbà tí kò ní ọ̀fìnkìn. Bí kò bá tún yege, ẹ má dúró mọ́. Bó bá sì yege tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣì ń falẹ̀, ẹ ṣì gbọ́dọ̀ gbé e lọ síbi ẹ̀rọ, torí pé agolo ìrẹsì kò lè sọ gbogbo rẹ̀.

Kí ló ń ba etí ọmọ jẹ́? Wọ́n pọ̀. Éèyi wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ibà tó ń mú ọrùn gan, tí wọ́n ń pè ní yírùnyírùn. Abẹ́rẹ́ gentamicin, òògùn apakòkòrò kan, tí kẹ́mísíìtì kàn gún láìwọ̀n ọmọ wà níbẹ̀. Èyí tó ń dùn wá jù, nítorí ó ṣeé dènà, ni jọ́ńdíìsì ọmọ tuntun, èyí tó ń mú ojú àti ara ọmọ pọ́n bí ìyeyè. Bí ojú ọmọ bá pọ́n lọ́jọ́ tí a bí i gan-an, tàbí tí pípọ́n náà bá dé àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ nígbàkigbà, ọsibítù lọ́jọ́ náà ni. Oòrùn àárọ̀ kò tó, omi gúlúkóòsì kò ṣe nǹkan kan. Pípọ́n tó bá ga jù máa ń wọnú ọpọlọ, ó sì ń ba ọ̀nà tí ìgbọ́ràn ń gbà jẹ́. Ẹ sì má fi káńfọ̀ sáàárín aṣọ ọmọ tuntun. Àwọn ọmọ kan wà tí ẹ̀jẹ̀ wọn kò lè fara da òórùn rẹ̀. Á fọ́ ẹ̀jẹ̀ wọn, ara wọn á sì pọ́n kíákíá. Aṣọ tó ti wà nínú àpótí pẹ̀lú káńfọ̀, kódà èyí tí ìyá àgbà fi ìfẹ́ pa mọ́ de ọmọ-ọmọ, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ sá a sóòrùn dáadáa kí ẹ tó wọ̀ ọ́ fún un.

Etí tó ń ṣọyún ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ń sọ pé bó bá dàgbà á lọ. Kì í lọ lásán, awọ inú etí ló ń jẹ. Ẹ má ṣe kán omi ọmú, àdí, kẹrosíìnì tàbí ìtọ̀ sí i. Ẹ mú aṣọ òwú mímọ́ tó rọ̀, ẹ lọ́ ọ bí òwú àtùpà, ẹ tì í wọ etí ọmọ díẹ̀, ẹ jẹ́ kó fa ọyún náà. Bó bá ti rin, ẹ yọ ọ́, ẹ fi òmíràn, títí èyí tí ẹ yọ á fi gbẹ. Ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́. Ẹ má fi òwú orí igi tí wọ́n ń tà lọ́jà ṣe é, torí ńṣe ló ń ti ìdọ̀tí wọlé. Bí kò bá tíì tó ọjọ́ 14 tó ti bẹ̀rẹ̀, nọ́ọ̀sì á fún un ní òògùn tí yóò lò lẹ́nu. Bó bá ti tó ọjọ́ 14 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, òògùn tí à ń kán sétí ni fún ọ̀sẹ̀ 2, pẹ̀lú gbígbẹ náà. Bí ẹ̀yìn etí bá wú tó sì ń dùn ún, ẹ má jẹ́ kílẹ̀ ṣú. Omi tún wà tó ń dúró sẹ́yìn awọ etí lẹ́yìn ọ̀fìnkìn, tí kì í dunni, tí kì í sì í jáde. Ọmọ á kàn máa la ẹnu sùn, á máa ní “hẹn?”, á máa sún mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Ó sábà ń gbẹ láàárín oṣù 3. Bí kò bá gbẹ, dókítà etí ló kàn.

Ní ti ọjọ́ orí, òṣùwọ̀n tí CDC, àjọ tó ń gbógun ti àrùn ní Amẹ́ríkà, tún ṣe ní 2022 là ń lò, torí ohun tí ó kéré tán mẹ́ta nínú ọmọ mẹ́rin ti ń ṣe ní ọjọ́ orí kọ̀ọ̀kan ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ní oṣù 9, ọmọ ń wo ẹni tó pe orúkọ rẹ̀, ó sì ń dún “mamama”. Ní oṣù 12 ó ń juwọ́ ó dàbọ̀, ó mọ ìtumọ̀ “rárá”. Ní oṣù 15 ó ń gbìyànjú ọ̀rọ̀ kan tàbí méjì yàtọ̀ sí màmá àti bàbá. Ní oṣù 18 ó ń gbìyànjú ó kéré tán ọ̀rọ̀ mẹ́ta yàtọ̀ sí màmá àti bàbá, ó sì ń fi ìka tọ́ka nǹkan láti fi hàn yín. Ní ọdún 2 ó ń so méjì pọ̀: “omi tán”, “bàbá lọ”. Ní ọdún 2 àbọ̀, nǹkan bí ọ̀rọ̀ 50. Òótọ́ ni pé ọmọkùnrin ń pẹ́ díẹ̀ ju obìnrin lọ, ṣùgbọ́n bí oṣù kan sí méjì ni, kì í ṣe ọdún kan. Òótọ́ sì ni pé ọ̀pọ̀ ọmọ tó pẹ́ ń bá ẹgbẹ́ wọn. Wàhálà rẹ̀ ni pé kò sẹ́ni tó lè wo ojú ọmọ ọdún 2 kó mọ èyí tí yóò bá wọn àti èyí tí kò ní bá wọn.

Ọmọ tó ti ń sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀ tó wá dákẹ́, ọjọ́ orí yòówù kó wà, ẹ gbé e lọ. Èyí tí kì í wojú ènìyàn, tí kì í tọ́ka, tó ń di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú lọ síbi tí nǹkan wà bí ẹni mú igi fi já ọsàn, ẹ gbé òun náà lọ. Ó lè jẹ́ ohun tí wọ́n ń pè ní ótísìmù. Kì í ṣe ẹ̀mí àìrí, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ìyá. Àmọ́ ọmọ ọdún 2 tó pe “ṣíbí” ní “síbí”, tó pe “orí” ní “olí”, tó pe “gbà” ní “bà”, kò sí ohun tó ṣe é.

Báwo lẹ ṣe máa ka ọ̀rọ̀ ọmọ? Ẹ kọ wọ́n sẹ́yìn kàlẹ́ńdà fún ọ̀sẹ̀ kan, gbogbo ẹni tó wà nílé ni kó máa kọ. Ọ̀rọ̀ ni bí ọmọ bá dá a sọ, tó ń lò ó fún ohun kan náà nígbà gbogbo. “Mi” fún omi, ọ̀rọ̀ ni. “Wọ́ọ̀” fún ajá, ọ̀rọ̀ ni. Ohun tó kàn tẹ̀ lé yín sọ kì í ṣe ọ̀rọ̀. Nílé tiwa níhìn-ín, ìyá àgbà lè máa sọ ẹ̀ka èdè wa, Owé tàbí Ìyàgbà, kí ìyá máa sọ Yorùbá àjùmọ̀lò, kí bàbá máa fi Gẹ̀ẹ́sì bá a wí. Ẹ ka gbogbo rẹ̀ pọ̀. “Ókun” tó fi dáhùn ìkíni ìyá àgbà wà nínú àkọsílẹ̀, “báì-báì” wà níbẹ̀.

Ibí yìí la ti fẹ́ bẹ àwọn òbí gidigidi. Wọ́n ń sọ fún wọn níléèwé jẹ́léósinmi pé èdè púpọ̀ ló dàrú mọ́ ọmọ lórí, pé kí wọ́n mú Gẹ̀ẹ́sì nìkan. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Èdè méjì kì í sọ ọmọ di odi. Ọmọ tó ní ìṣòro ọ̀rọ̀ á ní in nínú èdè kan, á ní in nínú mẹ́ta. Ohun tó ń pa á lára ni kí ìyá pa èdè tó dá a lẹ́nu tì, kó máa fi Gẹ̀ẹ́sì gbólóhùn mẹ́ta bá ọmọ sọ̀rọ̀ láàárọ̀ dalẹ́. Àyẹ̀wò Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní 1970, fi hàn pé àwọn ọmọ tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ ní ọdún mẹ́fà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kò kẹ́yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Ọmọ tó ti gba oríkì rẹ̀ láàárọ̀ láti ẹnu ìyá àgbà ti gba ọ̀rọ̀, ohùn àti ojú papọ̀.

Ẹ tún wò bóyá ó gbọ́ ọ̀rọ̀ yé, torí ìyẹn ṣe pàtàkì ju iye tó ń sọ lọ. Ní oṣù 18, ẹ ní kó lọ mú bàtà wá. Ṣùgbọ́n ẹ ká ọwọ́ yín mọ́ra, ẹ má wo bàtà náà, ojú ọmọ ni kẹ́ ẹ wò. Ọ̀pọ̀ ìyá á ní “ó gbọ́ gbogbo ohun tí mo ń sọ”, láìmọ̀ pé àgbọ̀n òun ti tọ́ka bàtà náà kí ọ̀rọ̀ tó jáde.

Ọ̀nà tí ẹ ó gbà bá a sọ̀rọ̀ kò gba owó. Ẹ lóṣòó kí ojú yín dọ́gba. Ohun tó ń wò ni kẹ́ ẹ dárúkọ, kì í ṣe ohun tí ẹ̀yin fẹ́ kó wò. Bó bá fẹ́ mu ẹ̀kọ, ẹ di ife ẹ̀kọ mú lọ́wọ́ kan, ife omi lọ́wọ́ kejì: “Ẹ̀kọ ni, àbí omi?” Kí ẹ wá dákẹ́. Ẹ ka ení dé ẹẹ́wàá nínú yín. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ló nira jù, torí ẹnu ti máa ń yá wa láti sọ ọ́ fún un. Bó bá nawọ́ sí ẹ̀kọ tó sì ní “ẹ̀”, ẹ fún un, ẹ sì ní “ẹ̀kọ. Ẹ̀kọ gbóná.” Ẹ fi ọ̀rọ̀ kan péré kún ti ẹnu rẹ̀. Ẹ má ní “sọ ọ́ kí n tó fún ọ”, ẹkún nìyẹn máa ń mú wá, ọmọ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún ọ̀rọ̀. Bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá ń gba ọ̀rọ̀ sọ fún un, ẹ rán ẹ̀gbọ́n níṣẹ́ lásìkò yẹn. Ìṣẹ́jú 10 lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́, nígbà ìwẹ̀, oúnjẹ àti aṣọ wíwọ̀, tó.

Fóònù kì í kọ́ ọmọ ní ọ̀rọ̀ báyìí, torí fóònù kì í dúró de ìdáhùn. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní 2019 pé ọmọ tí kò tíì pé ọdún 2 kò yẹ kó jókòó ti ojú fóònù tàbí tẹlifíṣọ̀n rárá, pé láti ọdún 2 sí 4, kò gbọdọ̀ ju wákàtí kan lọ lójúmọ́. Bí bàbá tàbí ìyá tó wà l’Ékòó tàbí l’Ábùjá bá pè láti rí ọmọ, ìyẹn yàtọ̀, èèyàn ló ń dá a lóhùn.

Bí ẹ bá fẹ́ gbé ọmọ lọ, ilé ìlera tó sún mọ́ yín ni kẹ́ ẹ ti gba ìwé, kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí dókítà etí, imú àti ọ̀fun. Ọsibítù ńlá ìjọba àpapọ̀ wà ní Lọ́kọ́jà; fún ará Ẹ̀gbẹ̀, ọsibítù Yunifásítì Ìlọrin lè yá jù; ọsibítù UCH wà ní Ìbàdàn, ilé ìwòsàn etí ti ìjọba àpapọ̀ sì wà ní Kàdúná. Ẹ mú káàdì abẹ́rẹ́, àkọsílẹ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀, àti fídíò ìṣẹ́jú 2 tí ẹ ká nígbà tó ń ṣeré nílé, torí á dákẹ́ síwájú dókítà. Ẹ béèrè àyẹ̀wò etí tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ ṣe. Ọ̀kan ń fi ìró kékeré ránṣẹ́ sínú etí, ó sì ń gbọ́ ìdáhùn etí náà láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Èkejì, wọ́n á lẹ wáyà mọ́ orí ọmọ nígbà tó bá ń sùn. Nítorí náà ẹ jí i ní kùtùkùtù, ẹ má sì jẹ́ kó sùn nínú mọ́tò láti Kàbà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á lajú kalẹ̀ níbẹ̀, wọ́n á sì ní kẹ́ ẹ padà wá lọ́jọ́ mìíràn. Ẹni tó bá kàn pàtẹ́wọ́ lẹ́yìn ọmọ tó sì ní etí rẹ̀ dá, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ sì tún béèrè fún ẹ̀rọ.

Àwọn alákòóso ìlera ìjọba ìbílẹ̀ wa, ẹ̀yin la fi èyí tó kù bẹ̀. Àwọn ìyá ń gbé ọmọ padà wá gba abẹ́rẹ́ éèyi ní oṣù 9 àti oṣù 15. Lọ́jọ́ méjèèjì yìí, kí nọ́ọ̀sì béèrè nǹkan mẹ́ta. Ní oṣù 9: ṣé ara rẹ̀ pọ́n nígbà tí ẹ bí i, ṣé etí rẹ̀ ti ṣọyún rí, ṣé ó ń yíjú bí ẹ bá pè é láti ẹ̀yìn? Ní oṣù 15: ṣé ó ń juwọ́ tàbí kó tọ́ka, ṣé ó mọ orúkọ rẹ̀, ọ̀rọ̀ wo ló ń sọ? Kí wọ́n kọ ìdáhùn sẹ́yìn káàdì náà. Agolo ìrẹsì kan lórí tábìlì abẹ́rẹ́ kò lé ní owó ìrẹsì ṣíbí kan, ìdánwò rẹ̀ kò sì gbà ju ìṣẹ́jú 5. Ọmọ tí ìdáhùn rẹ̀ bá mú ìfura wá, kí wọ́n fún ìyá rẹ̀ ní ìwé ọsibítù kó tó kúrò níbẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Àwa ni tiyín ní tòótọ́,
Nọ́ọ̀sì méjì àti olùkọ́ ọmọ wẹ́wẹ́ kan,
Kàbà, Ìpínlẹ̀ Kogí.